TÒMÁTÌ WẸ́WẸ́ ALÁWỌ̀ MẸ́FÀ: OHUN TÍ A Ò TỌ́ WÒ, A Ò LÈ POLÓWÓ RẸ̀

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí, àdánù ló kọ́ mi. Mo ní kí n sọ ọ́ síta kí ẹlòmíràn má bàa fi owó tirẹ̀ kọ́ ọ. Aláta ni mí. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta tòmátì, rodo àti tàtàṣé. Tí ẹ bá ní kí n di ojú mi kí n fọwọ́ kan tòmátì, màá sọ fún yín bóyá yóò dọ̀la tàbí kò ní dọ̀la. Síbẹ̀, ọmọ kékeré kan gbé tòmátì wá bá mi, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ọmọkùnrin náà ń dáko lábẹ́ ilé ọ̀rá, ìyẹn ilé tí wọ́n fi ọ̀rá funfun bò kí òjò àti kòkòrò má bàa dé ìdí ohun ọ̀gbìn. Kíréètì mẹ́rin ló gbé wá ní ìdájí. Tòmátì wẹ́wẹ́ ni, èyí tí òyìnbó ń pè ní cherry, kò tóbi ju ìyeyè lọ. Kíréètì kìíní pupa fòò. Ìkejì ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Ìkẹta yẹ́lò bí ìyeyè gan-an. Ìkẹrin dúdú rẹ́súrẹ́sú, bí ohun tó fẹ́ẹ́ bàjẹ́.

Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì tó máa ń rà á lọ́wọ́ mi ò wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bá mi gbà á."

Owó tó pè kò wọ́n. Mo san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, inú mi dùn pé mo rí ọjà pọ́ọ́kú. Àṣé àdánù ni mo gbé sórí àtẹ.

Kí oòrùn tó mú, tí pupa ti tán. Àwọn mẹ́ta tó kù wá dúró tì mí. Oníbàárà á dé, á wo yẹ́lò, á ní, "Ìyá, èyí ò mà tíì pọ́n." Obìnrin kan tiẹ̀ mú dúdú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá wò mí bí ẹni tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ: "Ìyá, ẹ̀ṣà lẹ wá ń bù fún wa lówó gidi yìí?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí tí wọ́n bá pe ọjà èèyàn ní ẹ̀ṣà níṣojú àwọn oníbàárà mìíràn. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, aláwọ̀ ọsàn ti ń là, omi ń jáde lára rẹ̀, eṣinṣin ti dé. Ohun tí mo dà nù kò kéré.

Nígbà tí ọmọ náà padà wá, mo fẹ́ bínú sí i. Ó mú dúdú kan nínú èyí tó kù, ó nù ún, ó ní, "Ẹ tọ́ ọ wò ná, mà." Mo fi sẹ́nu. Ojú tì mí. Ó dùn ju gbogbo tòmátì tí mo ti ń tà bọ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń polówó ohun tí mi ò fi kan ahọ́n mi rí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún oníbàárà?

Látìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn àgbẹ̀, tí mo sì ń ní kí ọmọ mi tó kàwé bá mi ka ohun tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn kọ. Ohun tí mo rí nìyí.

ẸNU WA LÓ SO Ó PỌ̀

Nínú èdè wa, "pọ́n" ni à ń pè é tí nǹkan bá pupa. "Pọ́n" náà ni à ń pè é tí èso bá tó jẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń sọ méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro fún oníbàárà láti gbà pé tòmátì lè pọ́n kó má pupa. Bẹ́ẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ́n, yẹ́lò ló ń dà. Ìbẹ́pẹ ń pọ́n, àwọ̀ ọsàn ni inú rẹ̀. Píà ń rọ̀, àwọ̀ ewé ni ara ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ títí dé ẹnu. A ò bá wọn jà. Tòmátì nìkan la ní kó máa wọ aṣọ kan ṣoṣo.

Gúúsù Amẹ́ríkà, lápá Peru àti Ecuador, ni tòmátì ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ará Mexico àtijọ́ gbìn ín gan-an, tomatl ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni orúkọ tí àwa náà ń pè é ti wá, ó gba ẹnu àwọn ará Spain àti Gẹ̀ẹ́sì kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó dé Italy, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Mattioli kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1544. Pomodoro ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni èso wúrà. Ẹ ò rí i pé yẹ́lò kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ohun àná?

ÀWỌ̀ KỌ̀Ọ̀KAN ÀTI OHUN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Gbogbo tòmátì ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ewé. Bó bá ti ń gbó, àwọ̀ ewé á máa lọ, àwọ̀ mìíràn á máa wọlé. Èyí tó bá wọlé àti èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ ló ń mú kí wọ́n yàtọ̀.

PUPA: Ohun tó ń jẹ́ lycopene ló pa á láró. Tí a bá sè é pẹ̀lú òróró tàbí epo, ara ń rí i gbà ju ìgbà tí a jẹ ẹ́ ní tútù lọ. Nítorí náà, ìyá tó ń dín ata kò ṣe àṣìṣe o. Pupa ló ń ta fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tí a óò ṣàlàyé rẹ̀ fún.

ÀWỌ̀ ỌSÀN: Oríṣi méjì ni, ojú lásán ò sì lè yà wọ́n. Ọ̀kan ní beta-carotene púpọ̀. Òun náà ló wà nínú kárọ́ọ̀tì àti nínú epo pupa tiwa, ara ń sọ ọ́ di fítámì A tó ń ṣe ojú lóore. Èkejì ní lycopene bíi ti pupa, ṣùgbọ́n ìrísí lycopene tirẹ̀ yàtọ̀, ara sì ń tètè gbà á. Àwọn onímọ̀ ní Ohio State University ní Amẹ́ríkà fi omi tòmátì méjèèjì wéra, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2015: ara àwọn tó mu ti aláwọ̀ ọsàn gba lycopene tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ ààbọ̀ ti àwọn tó mu pupa. Nítorí náà, bí tòmátì bá pupa jù, kò túmọ̀ sí pé ó ṣara lóore jù.

YẸ́LÒ: Lycopene inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí kò fi pupa. Tí ẹnì kan bá ń wá ọbẹ̀ tí yóò pọ́n yòò, ẹ má tà á fún un, yóò padà wá bá yín jà. Fún sàláàdì ló dára, tàbí kí ọmọdé máa jẹ ẹ́ bí èso.

DÚDÚ: Kì í ṣe dúdú tòótọ́. Lycopene ti wọlé, àwọ̀ ewé sì kọ̀, kò lọ. Ẹ po pupa àti àwọ̀ ewé pọ̀ kí ẹ wo ohun tí yóò dà. Ohun tí oníbàárà mi pè ní ẹ̀ṣà nìyẹn! Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n jẹ ló fẹ́ràn rẹ̀ jù, nítorí adùn rẹ̀ jinlẹ̀, kì í ṣe ṣúgà nìkan.

ÀWỌ̀ ÀLÙKÒ: Ohun tó pa sóbò láró ló pa òun náà láró, anthocyanin ni wọ́n ń pè é. Oregon State University ní Amẹ́ríkà ló gbé Indigo Rose jáde lọ́dún 2012, nípa fífi ìran tòmátì inú igbó gba ìran tilé. Ẹ wo ohun ìyanu kan lára rẹ̀: ibi tí oòrùn bá kàn nìkan ló ń pa láró. Tí ewé bá bo ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn kò ní dà bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ó tètè ń ṣú kó tó gbó, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Tí ìdí bá ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, kò tíì pọ́n. Tó bá ti pupa, ó ti tó jẹ.

ÀWỌ̀ EWÉ: Èyí ló ń da aláta láàmú jù, torí ó ti pọ́n tán, síbẹ̀ àwọ̀ ewé ló ṣì wà lára rẹ̀. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Tó bá rọ̀ díẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ti ń ní yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó ti pọ́n. Tó bá le koko, ẹ fi sílẹ̀.

ADÙN ÀTI ÌKAN

Kí ló dé tí tòmátì wẹ́wẹ́ fi ń dùn ju ńlá lọ? Omi inú rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti ńlá, ṣúgà rẹ̀ sì kó jọ sójú kan. Àwọn onímọ̀ máa ń kán omi rẹ̀ sórí ẹ̀rọ kékeré kan, iye tó bá gbé wá ni wọ́n ń pè ní Brix. Tòmátì ńlá sábà máa ń wà ní 4 sí 5. Wẹ́wẹ́ tó dára máa ń wà ní nǹkan bí 6 sí 9. Tí kò bá sí ẹ̀rọ, ahọ́n wà.

Ẹ jẹ́ kí n tú irọ́ kan fó. A máa ń gbọ́ pé yẹ́lò kì í kan, pé ẹni tó ní ọgbẹ́ inú lè jẹ ẹ́ láìsí wàhálà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkan inú yẹ́lò àti ti pupa sábà máa ń sún mọ́ra. Ṣúgà ló ń bo ìkan mọ́lẹ̀ lẹ́nu, kì í bò ó mọ́lẹ̀ nínú ikùn. Tí oníbàárà bá ní inú ń ta òun, ẹ má ṣe fi àwọ̀ ṣe ìṣègùn fún un. Ẹ ní kó bi dókítà.

Ohun kan tún wà tó yà mí lẹ́nu. Ẹ mọ tòmátì tó máa ń ní àwọ̀ ewé tó ṣú ní èjìká nígbà tí kò tíì pọ́n? Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń ṣètò irúgbìn fi ń yọ ọ́ kúrò, torí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ara rẹ̀ pọ́n dọ́gba kó lè dáa lójú. Lọ́dún 2012 làwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé èjìká tó ṣú yẹn wà lára ohun tó ń bá èso náà ṣe ṣúgà. Wọ́n fi ẹwà ra, wọ́n fi adùn san. Èyí tí èjìká rẹ̀ ṣú nígbà tó wà ní tútù, ẹ má tètè kórìíra rẹ̀.

ÌGBÀ Ẹ̀Ẹ̀RÙN: TÒMÁTÌ PUPA TÓ Ń DI YẸ́LÒ

Èyí kan gbogbo wa, àti ẹni tó ń ta wẹ́wẹ́ àti ẹni tó ń ta agbọ̀n ńlá láti òkè ọya. Ẹ ti rí i pé nígbà ooru, tòmátì tó yẹ kó pupa máa ń pọ́n kó dà bí ọsàn, èjìká rẹ̀ á yẹ́lò, á sì le. Oníbàárà á ní a ti fi nǹkan sí i. Ooru ni. Tí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi dígírì 30, tòmátì kì í lè ṣe lycopene dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè ṣe àwọ̀ ọsàn. Ooru ara èèyàn jẹ́ 37, ẹ wá rò ó wò bí àárín agbọ̀n tí wọ́n dì pa nínú lọ́rì á ti rí lọ́sàn-án gangan.

Báwo la ṣe lè ya yẹ́lò ti ìran sọ́tọ̀ kúrò lára yẹ́lò ti ooru? Ti ìran dọ́gba yíká ara, ó ń dán, ó sì rọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́. Ti ooru ṣe kálákálá, ó le ní èjìká, tí ẹ bá sì là á, ẹ óò rí funfun nínú ẹran ara rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́, ọjà olówó ni. Èkejì, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí ẹ sì dín owó rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ sè é.

Ẹ sì jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí pé àwọ̀ ò dé kó lọ da káábáídì sí èso o. NAFDAC ti kìlọ̀ fún wa lórí rẹ̀ léraléra, torí májèlé wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí tòmátì tó ti gbó tètè pọ́n, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n sáàrin rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò mú un pọ́n láìpa ẹnikẹ́ni lára.

ÈWO LÓ Ń PẸ́, ÈWO LÓ Ń LÀ?

Àwọ̀ nìkan kọ́ ló ń sọ èyí, awọ ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti aláwọ̀ ọsàn tó dùn jù lọ, Sungold, tí ilé-iṣẹ́ Tokita ní Japan mú jáde. Adùn rẹ̀ dà bí oyin, awọ ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Tí omi bá pọ̀ ní ìdí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀dá, á là kó tó kúrò lóko pàápàá. Irú èyí, ẹni tí oko rẹ̀ wà nítòsí ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì tà á lọ́jọ́ kan náà. Pupa tí awọ rẹ̀ nípọn ló lè rìnnà jíjìn.

Ẹ tún wo orí rẹ̀, níbi tí igi ti gbé e. Ojú ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ omi ara tòmátì ń gbà jáde. Ẹ ní kí àgbẹ̀ ká a pẹ̀lú ìdè rẹ̀, kó má já a ní orí. Ìdè tútù tún ń fi han oníbàárà pé òní la ká a. Nítorí pé wẹ́wẹ́ ni, ó ń tètè gbẹ ju ńlá lọ, nítorí náà ẹ má ṣe tẹ́ ẹ sínú oòrùn.

Firíìjì ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ní University of Florida sọ lọ́dún 2016 pé tí tòmátì bá pẹ́ ní ọjọ́ méje nínú òtútù dígírì 5, òórùn dídùn rẹ̀ á dín kù, kì í sì í padà bọ̀ tán. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ní tútù, kó fi síta níbi tó tutù nínú ilé.

BÍ MO ṢE Ń TÀ Á NÍSINSÌNYÍ

Mi ò ra kíréètì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń gbà á, mo sì ń bi àgbẹ̀ pé: ìran wo ni? Ìgbà wo lo ká a? Ṣé ó máa ń là? Tí kò bá lè dá mi lóhùn, mi ò ní san owó.

Mi ò kó àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ìgbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Àdàlù ni mo ń ṣe sínú ọ̀rá kékeré: pupa, ọsàn, yẹ́lò, dúdú. Nígbà tí dúdú dá wà, ẹ̀ṣà ni wọ́n pè é. Nígbà tó wà láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, "Ó mà rẹwà o!" Tòmátì kan náà ni o.

Mo sì máa ń la mẹ́ta mẹ́rin sórí àwo mímọ́, mo ń fi ìgbálẹ̀-eyín gún un fún oníbàárà kó tọ́ ọ wò. Ẹni tó bá ti tọ́ ọ wò, kì í bi mí mọ́ bóyá ó ti pọ́n. Àwọn tó ń se oúnjẹ òde, àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì àti àwọn ìyá tó ń di oúnjẹ fún ọmọ ilé-ìwé ni mo ń wá. Ìyá tó bá fẹ́ se ọbẹ̀ ata fún ilé, mo ń darí rẹ̀ sí tòmátì ńlá àti tàtàṣé. Tí mo bá ta wẹ́wẹ́ fún un lówó iyebíye kó lọ lọ̀ ọ́, lóòótọ́ mo gba owó òní, ṣùgbọ́n mo ti pàdánù oníbàárà ọ̀la.

Obìnrin tó pe ọjà mi ní ẹ̀ṣà lọ́jọ́sí ṣì ń bá mi rajà. Lóṣù tó kọjá, ó gbà kí n fi dúdú kan sí i lọ́wọ́. Ó jẹ ẹ́, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ ò ṣe sọ fún mi nígbà yẹn?"

Mo ní, "Oníbàárà mi, ẹ má bínú. Èmi gan-an ò mọ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ká máa tọ́ ọjà wa wò. Ká mọ̀ ọ́n kí oníbàárà tó bi wá. A ò ní rí àdánù o. Ọjà á tà, èrè á wọlé, àlàáfíà la ó fi ná an. Àmín o.